Dídí rọ́bà fákúùmù kì í fi agbára kún ọkọ̀ àtijọ́

Ẹ ṣí bónẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1970 sí 1980, ẹ ó rí àwọn rọ́bà tín-ín-rín tó lọ́ mọ́ra wọn bí ìfun ewúrẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàbúrétọ̀. Rọ́bà fákúùmù nìyẹn; fákúùmù ni agbára ìfà tó máa ń wà nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń fa afẹ́fẹ́ sínú. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ gbọ́ ìmọ̀ràn yìí: “Torí èéfín nìjọba ṣe ní kí wọ́n kó gbogbo ìyẹn síbẹ̀. Já wọn dànù, fi síkúrù dí ojú ihò, wàá rí i bí ọkọ̀ á ṣe máa fò.” Àwọn mẹkáníìkì wa nílé náà ń sọ ọ́, síkúrù tí wọ́n máa fi dí i kì í sì í jìnnà sí wọn.

Kì í ṣe òótọ́. Àmọ́ mo mọ ibi tó ti wá.

Corvette, ọkọ̀ General Motors (GM), tó gbé ẹ́ńjìnnì LT-1 lọ́dún 1970, agbára ẹṣin 370 ni wọ́n kọ fún un. Ní 1971 ó di 330, ní 1972 ó bọ́ sí 255. Àsìkò yẹn náà ni rọ́bà ń pọ̀ sí i lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì, ni aráyé bá ní rọ́bà ló jẹ agbára. Bẹ́ẹ̀, kọ́ńpírẹ́ṣọ̀n, ìyẹn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fún epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀ kó tó jó, ni General Motors dín kù ní 1971, láti 11 sí 9 fún ẹ́ńjìnnì yìí, kó lè máa jó epo tí òjé inú rẹ̀ kò pọ̀. Ti 1972 tiẹ̀ tún wá yàtọ̀: ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọn agbára ni wọ́n yí padà. Tẹ́lẹ̀, ẹ́ńjìnnì nìkan ni wọ́n ń gbé sórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, kò sí sàléńsà, kò sí ẹrù kankan lọ́rùn rẹ̀. Láti ọdún náà lọ, pẹ̀lú gbogbo ohun tó ń gbé rìn lójú títì ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Ẹ́ńjìnnì ò yí padà, iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ já wálẹ̀.

Rọ́bà tí wọ́n kórìíra jù ni èyí tó lọ sára dìstríbútọ̀, ohun tó ń pín iná fún àwọn plọ́ọ̀gì. Inú agolo pẹlẹbẹ kan tó ní awọ nínú ló parí sí. Nígbà tí ẹ bá ń rọra lọ lójú ọ̀nà, tí ẹ kò tẹ tọ́tù púpọ̀, fákúùmù máa ń pọ̀ nínú manifóòdù, páìpù tí afẹ́fẹ́ àti epo ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì. Á fa awọ yẹn, awọ á yí páànù inú dìstríbútọ̀, plọ́ọ̀gì á sì tètè taná. Ó yẹ kó tètè taná, torí epo àti afẹ́fẹ́ tó wọlé nígbà náà kò pọ̀, ó sì máa ń lọ́ra láti jó. Ẹ wá tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ pátápátá: fákúùmù á fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo, awọ á padà sáyè rẹ̀. Ìgbà tí ẹ ń wá agbára gan-an ni rọ́bà yẹn kì í ṣe nǹkan kan. Ọ̀nà wo ni dídí i fẹ́ wá gbà fi agbára kún un? Epo tó ń yára tán àti ẹ́ńjìnnì tó ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ lẹ máa fi ṣèrè.

Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré ìje kì í lò ó. Ẹsẹ̀ wọn kì í kúrò lórí tọ́tù, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?

Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé láti 1970, GM fi ẹ̀rọ kan sára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ rẹ̀ tó ń dá fákúùmù dìstríbútọ̀ dúró nígbà tí ọkọ̀ bá ṣì wà ní jíà kékeré, kí èéfín lè dín kù. Ẹni tó ní òun ò gba ti ìjọba, tó wá fi síkúrù dí rọ́bà yìí, ti bá ìjọba ṣe é ní gbogbo jíà.

Rọ́bà PCV, tó nípọn díẹ̀, ṣe pàtàkì jùyẹn lọ. Gáàsì tó bá já gba ẹ̀gbẹ́ ríǹgì písítìnì sọ̀ kalẹ̀ síbi tí ọ́ìlì wà ni rọ́bà yìí ń fà padà lọ jó. Bí ẹ bá dí i, gáàsì á wá ọ̀nà míràn gbà, á sì máa ti ọ́ìlì jáde. Ẹ ó máa pààrọ̀ ọ́ìlì síìlì, ọ́ìlì á ṣì máa kán sílẹ̀. Rọ́bà fákúùmù tó ń ran bíréèkì lọ́wọ́ ni kí ẹnikẹ́ni má tilẹ̀ dán wò ní dídí: ẹsẹ̀ bíréèkì á le bí òkúta.

Kí ló dé tí àwọn kan fi ń búra pé ọkọ̀ wọn dára sí i lẹ́yìn tí wọ́n dí i? Torí rọ́bà náà ti là tẹ́lẹ̀ ni. Afẹ́fẹ́ tí kò gba inú kàbúrétọ̀ kọjá ń wọlé, ọkọ̀ ń gbọ̀n ní sìlóò, ẹ sì ń gbọ́ “ṣíìì” lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì. Síkúrù dí ojú ibi tó ń jò, ara ọkọ̀ balẹ̀. Rọ́bà tuntun ì bá ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ní dúró.

Kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ ṣí ìdérí dìstríbútọ̀, ẹ yọ ìdí rọ́bà tó wà lára kàbúrétọ̀, ẹ fi ẹnu fà á, kí ẹ sì fi ahọ́n dí i. Bí awọ inú agolo bá ṣì pé, páànù á yí díẹ̀, á dúró síbẹ̀, rọ́bà á sì lẹ̀ mọ́ yín láhọ́n. Bó bá padà lójú ẹsẹ̀, awọ ti ya tàbí kí rọ́bà ti là. Bí wọ́n ṣe so gbogbo rẹ̀ sì wà nínú àwòrán tó máa ń wà lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ náà; ẹ yà á kí ẹ tó tú ohunkóhun.

Ìgbà kan wà tó yẹ kí ẹ dí ti dìstríbútọ̀: nígbà tí ẹ bá ń ṣe táímìn, ìyẹn títo àsìkò tí plọ́ọ̀gì máa taná, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ní kí ẹ yọ rọ́bà kí ẹ sì dí i fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ síkúrù ti ń dúró títí láé, torí mẹkáníìkì gbàgbé. Bí táímìn bá ti dúró, ẹ yọ ọ́, kí ẹ dá rọ́bà padà.