Kí a tó fọwọ́ sí àwòrán ilé, ká bi í léèrè ibi tí àgbàrá rẹ̀ ń lọ

Bí ìlú bá ṣe ń fẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni páànù, kọnkéré àti ọ̀dà ń bo ilẹ̀. Òjò ìbáà má ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ilẹ̀ tí yóò fà á mu ti dín kù. Ohun tí ọ̀pọ̀ aláṣẹ sì mọ̀ kò ju kí wọ́n la gọ́tà tó tún fẹ̀ sí i, kí omi lè tètè kúrò níwájú ilé wọn. Ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ ìlú ló ń jìyà rẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ìlú yìí kan náà ni yóò máa wá omi kiri.

Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn tó ń fọwọ́ sí àwòrán ilé ni onílé. Ohun tí a ń bèèrè ni òfin: kí wọ́n má fọwọ́ sí ilé, ọjà tàbí ọ̀nà kankan tí kò sọ ibi tí omi òjò rẹ̀ yóò ti wọlẹ̀ tàbí ibi tí wọn yóò gbà á sí.

Omi náà kò kéré. Òrùlé tó jẹ́ mítà 10 níbùú, mítà 10 lóòró, yóò gba lítà 5,000 bí òjò bá rọ̀ tó mílímítà 50. Ká tiẹ̀ da omi àkọ́kọ́ tó fọ eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ nù, nǹkan bíi lítà 4,000 ṣì lè kù. Kí wọ́n ṣáà de táǹkì dáadáa, kí ẹ̀fọn má bàa yé sí i. Ti ojú títì yàtọ̀, nítorí epo ọkọ̀ àti ìdọ̀tí máa ń bá a wá. Ẹ jẹ́ kó gba inú koríko àti iyanrìn kọjá lọ sínú ilẹ̀.

Ní 2003, ìjọba Tamil Nadu ní Íńdíà sọ gbígba omi òjò di dandan fún gbogbo ilé. Ní Singapore, ìdá méjì nínú mẹ́ta ilẹ̀ wọn ló ń darí òjò sínú adágún omi tí wọ́n ń sẹ́ fún mímu, wọ́n sì sé ẹnu odò kan láàárín gbùngbùn ìlú ní 2008 nítorí èyí.

Àwọn kan á ní Zhengzhou ní Ṣáínà náwó sí irú iṣẹ́ yìí, síbẹ̀ omíyalé pa ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀ ní oṣù keje 2021. Òótọ́ ni. Òjò tó lé ní mílímítà 200 ló rọ̀ ní wákàtí kan péré lọ́jọ́ náà, kò sì sí táǹkì tó lè gba ìyẹn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé kí wọ́n dá àbàtà àti etí odò sí ju ohunkóhun lọ, torí ibẹ̀ ni irú òjò bẹ́ẹ̀ ń sá sí. Ilẹ̀ wọ̀nyí ni wọ́n sì ń tètè tà, nítorí pé ó dà bíi pé kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ti kọ́lé síbẹ̀ tán, kò sí owó tí yóò rà á padà láìwó ilé onílé.

Nítorí náà, kí ìgbìmọ̀ ìlú dá títa ilẹ̀ tuntun dúró títí àwọn awọnlẹ̀ yóò fi sàmì sí gbogbo ojú àgbàrá àti àbàtà lórí máàpù. Kí wọ́n lẹ máàpù náà síta gbangba, kí tọmọdé tàgbà rí i, kí òfin sì gba àṣẹ títa ibẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, títí kan ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀.