Ẹ má fi ajílẹ̀ sí ewéko tó ń jẹ kòkòrò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àlàyé, ṣùgbọ́n ajílẹ̀ àti ẹran tí ẹ ní ká fi máa bọ́ Venus flytrap (ewéko tí ewé rẹ̀ ń pa dé mọ́ kòkòrò bíi pàkúté) nínú ilé á pa á ni. Ilẹ̀ tútù tí kò lọ́ràá ní Carolina, Amẹ́ríkà, ló ti wá. Àìlọ́ràá yẹn ló jẹ́ kó máa pa kòkòrò jẹ. Ajílẹ̀ á jó gbòǹgbò rẹ̀, ẹran á jẹrà mọ́ ọn lẹ́nu. Omi ẹ̀rọ náà kò dáa: iyọ̀ inú rẹ̀ ń kó jọ sínú ìkòkò. Ẹ gbé garawa síta gbangba kí ẹ gbe omi òjò, Sùúrùlérè kì í ṣaláìní òjò! Flytrap tún ń fẹ́ òtútù bí oṣù 3 lọ́dún, Èkó kò sì ní in. Nepenthes ilẹ̀ olóoru (ewéko mìíràn tó ń fi ewé bí ife mú kòkòrò), irú èyí tó ń hù ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Borneo, erékùṣù kan ní Éṣíà, ló bá ojú fèrèsé wa mu jù.