Ẹni tó mọ odò wẹ̀ náà, kó wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì

Sátidé tó kọjá la fẹ́ wọkọ̀ lọ sí Tarkwa Bay, etíkun kan ní Èkó, wọ́n na láífù jákẹ́ẹ̀tì sí ọkùnrin kan ní jẹ́tì, ó ní "ẹ gbé e fáwọn tí ò mọ odò wẹ̀, ọmọ etí omi lèmi." Ẹni tó ń pín in sì gbà á padà lọ́wọ́ ẹ̀! Ọ̀rọ̀ pé ẹni tó mọ odò wẹ̀ ò nílò ẹ̀ yìí ti sú mi. Àtikékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, irọ́ sì ni.

Ẹ wo Amẹ́ríkà, níbi tí Coast Guard wọn, ìyẹn àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú omi, ti máa ń ka ìjàǹbá ọkọ̀ fàájì lọ́dọọdún. Èèyàn 564 ló kú lọ́dún 2023. Nínú àwọn tí wọ́n mọ ohun tó pa wọ́n, 75 nínú 100 ló mumi kú, nínú àwọn tó mumi kú yìí tí wọ́n sì mọ̀ bóyá wọ́n wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì àbí wọn ò wọ̀ ọ́, 87 nínú 100 ni ò wọ̀ ọ́. Àwọn tó lọ pẹja, tó lọ gbatẹ́gùn nìyẹn o. Ṣé ẹ máa wá sọ fún mi pé kò sẹ́ni tó mọ odò wẹ̀ nínú gbogbo wọn? Ó dáa, Amẹ́ríkà kì í ṣe Èkó, mo gbà, àmọ́ omi lomi ń jẹ́.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ni mo ti kọ́ odò wíwẹ̀, kò sẹ́gbẹ́ mi tó lè lé mi bá nígbà yẹn. Lọ́jọ́ tí mo já sómi, ìgbì ọkọ̀ ńlá kan tó kọjá ló gbọn tiwa, mo fi orí gbá etí ọkọ̀ kí n tó wọnú omi, jíìnsì àti bàtà wà lára mi, jíìnsì yẹn fa omi ó wúwo bí òkúta, mo ń na apá àmọ́ mi ò mọ ibi tí òkè wà mọ́, omi ti wọ imú, ojú ń ṣú mi. Odò wíwẹ̀ wo lèèyàn fẹ́ rántí níbẹ̀? Ẹni tó wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì ló fò wá dì mí mú, jákẹ́ẹ̀tì yẹn ló gbé àwa méjèèjì dúró títí dírẹ́bà fi yí ọkọ̀ padà. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́, òmùwẹ̀ ní í bómi lọ.

Pé ó ń rùn, pé ó ń mú ooru, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fìyẹn sílẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí jù ni bí wọ́n ṣe ń la àwọn èèyàn lọ́yẹ̀. Wọ́n á lẹ pátákó mọ́ jẹ́tì, wọ́n á pariwo "ẹ wọ̀ ọ́, ẹ wọ̀ ọ́", èèyàn á gbé e kọ́rùn láìdè é, ó parí. Ẹ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń dè é. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ iléèwé wọ̀ ọ́ mọ́ yúnífọ́ọ̀mù kí wọ́n bọ́ sómi tí ò jìn, kára wọn mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ́ àwọn dírẹ́bà náà, torí ìṣirò 2023 yẹn kan náà sọ pé níbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, 75 nínú 100 ikú ló ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ tí ẹni tó ń wà á ò gba ẹ̀kọ́ ààbò kankan.

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, mo de ti ọmọ mi fúnra mi, mo di èjìká ẹ̀ mú, mo fà á sókè, ó gòkè dé etí ẹ̀. Ó ti tóbi jù. Mo ní kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, ìkejì ò yẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó jẹ́ kó wọkọ̀.