Èsì wa sí oníbàárà tó fún wa ní ìràwọ̀ kan

Bọ̀dá, a ti rí ohun tí ẹ kọ. Ẹ ṣeun. Ẹ ní a gba ₦3,000 lọ́wọ́ yín láti kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń rówó nínú Stardew Valley, géèmù iṣẹ́ àgbẹ̀ orí kọ̀ǹpútà, pé gbogbo ohun tí ẹ gbìn ló kú, pé ọmọ iṣẹ́ wa sì ń jẹun lójú yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń ronú àtiwá sọ́dọ̀ wa, tí ẹ sì kà á, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe rí.

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 7 oṣù kẹta, ni bọ̀dá wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Under G. Aago mọ́kànlá ló kù díẹ̀ kó lù. Ọmọkùnrin tó jókòó tì wọ́n ti ń gbá géèmù yìí láti ìgbà tó ti wà ní ọdún kìíní ní LAUTECH. Wákàtí kan ni ₦3,000 rà, wákàtí méjì ló lò. Ó jẹun lóòótọ́: búrẹ́dì àti ẹ̀wà, ní aago kan ọ̀sán, nígbà tí wákàtí yín ti pé tipẹ́ tí ẹ ò tíì dìde.

Ohun tó kọ́ yín wà nínú ìwé tí a máa ń tẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá wá. Ọ̀kan wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọjọ́ 28 ni àsìkò kọ̀ọ̀kan nínú géèmù náà. Góòlù 500 (owó inú géèmù nìyẹn) àti irúgbìn parsnip 15, ohun ọ̀gbìn tó dà bíi kárọ́ọ̀tì funfun, lèèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀. Irúgbìn parsnip kan, 20. Ẹ ó tà á ní 35. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń gbó. Èrè rẹ̀ kéré, àmọ́ ó máa ń tètè wọlé, òun lẹ ó sì fi ra òmíràn. Cauliflower, irú kábéèjì kan, ló wọ̀ yín lójú: ríra 80, títà 175. Èrè gidi ni, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 12 ló ń lò nílẹ̀. Tí ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n Spring, àsìkò àkọ́kọ́ nínú géèmù náà, bá ti kọjá, èyí tí kò bá tíì gbó á kú mọ́jú ni. Ọmọ wa fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ìyẹn.

Ọjọ́ wo lẹ gbin tiyín? Ọjọ́ ogún! Ẹ̀yin fúnra yín lẹ fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, ọjọ́ náà sì hàn kedere lókè lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọjọ́ mẹ́jọ ló kù, ẹ kó gbogbo owó lé ohun tó ń fẹ́ méjìlá. Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ta ló ń gbin yangan nígbà tí òjò ti fẹ́ dá, tó wá ń bá ẹni tó ta irúgbìn fún un jà?

Ti strawberry ló tiẹ̀ dùn mí jù. Ọjọ́ kẹtàlá Spring, níbi ọdún ẹyin tí wọ́n ń ṣe nínú géèmù náà, ni wọ́n ń tà á, góòlù 100. Ẹni tó bá gbìn ín lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, tó sì ń bomi rin ín lójoojúmọ́, á ká a lẹ́ẹ̀mejì kí Spring tó tán, 120 ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. A ní kí ẹ tọ́jú owó dè é. Ẹ kó owó ẹja tí ẹ pa, ẹ fi 2,000 ra báàgì ńlá lọ́jọ́ kọkànlá. Báàgì ò burú, èmi náà máa ń ní kí wọ́n rà á, àmọ́ kì í ṣe nígbà tí ọjà ọjọ́ kẹtàlá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ti ilé ìtajà irúgbìn inú géèmù tí ẹ ní ẹ bá ní títì lọ́jọ́rú, ojú kejì ìwé wa ló wà.

Iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ò tètè dìde. Ẹ má bínú sí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ pè wá ní oníjìbìtì. Láti orí tábìlì kan tí mo ti ń tún fóònù ṣe ni mo ti dé ibi tí mo wà yìí, ọdún kẹfà rèé ní ojú kan náà. Ìyá mi ń ta kaṣú ní Tàkíè, ẹnu oníbàárà wọn ni wọ́n ti gbọ́ pé wọ́n ń pe ọmọ wọn ní oníjìbìtì. Wọn ò sun oorun òru ọjọ́ yẹn.

Mi ò ní dá owó padà, torí iṣẹ́ tí a gbowó rẹ̀ la ṣe. Àmọ́ ẹ wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn aago mẹ́rin, a ó kọ́ yín ní ti Summer, àsìkò tó tẹ̀ lé Spring, lọ́fẹ̀ẹ́. Blueberry lẹ ó gbìn: irúgbìn 80, ọjọ́ 13 kó tó so, lẹ́yìn náà ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin, mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, 50 ní ẹyọ kan. Ẹ gbìn ín lọ́jọ́ kìíní, ẹ ó ká a lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọjọ́ kìíní, bọ̀dá.

Ẹ ò ní láti wá ìwé yín kiri kí ẹ tó máa bọ̀. Èyí tó wà níwájú mi yìí, tiyín ni. Orí káńtà lẹ fi í sí lọ́jọ́ tí ẹ ń lọ.