Wọ́n Ní Mo Lẹ́tọ̀ọ́ Láti Bá Wọn Ṣẹjọ́: Ta Ló Lówó Rẹ̀?

Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọjọ́ kọkànlá rèé tí lẹ́tà kan ti wà lórí tábìlì oúnjẹ wa. Tí mo bá jókòó láti jẹun, òun ni mò ń wò. Tí mo bá dìde lóru láti mu omi, òun náà ni. Ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ló ti wá, òun sì ni ìkejì tí wọ́n kọ sí mi lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Wọ́n ní ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú méjìlá, òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, kámẹ́rà rí mọ́tò mi tó ń sá eré máìlì 26 ní wákàtí kan lójú ọ̀nà tí wọn ò gbà ju 20 lọ.

Máìlì mẹ́fà! Nítorí máìlì mẹ́fà ni mi ò fi rí oorun sùn.

Iṣẹ́ kẹ́à ni mò ń ṣe ní gúúsù London níbí. Ẹni tó bá ń ṣe é mọ bó ṣe rí. Aago márùn-ún ààbọ̀ o ti wà lójú títì. Bàbá àgbà kan ń dúró dè ọ́ kí o wá gbé òun dìde lórí ibùsùn. Bí o bá ṣe ń pa ilẹ̀kùn tiẹ̀ dé, ìyá àgbà kan ti ń retí rẹ ní àdúgbò kejì, kò lè dá lo oògùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ni wọn kì í sanwó fún lórí àkókò tó ń lọ láàárín ilé kan sí èkejì, bẹ́ẹ̀ láìsí mọ́tò, kò síṣẹ́. Láísẹ́ǹsì mi ni ọkọ́ àti àdá mi.

Kí ẹnikẹ́ni tó bú mi: mi ò bá òfin 20 jà. Àwọn ìbejì mi ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìwé. Mo mọ̀ pé ọmọ tí mọ́tò gbá níbi tó ti ń rọra lọ ní 20, ó ṣeé ṣe kó yè ju èyí tí mọ́tò gbá ní 30 lọ. Bí wọ́n bá sọ gbogbo London di 20 lọ́la, èmi fara mọ́ ọn. Ohun tí mò ń sọ ni pé mi ò rí àmì kankan. 30 ni mo mọ ọ̀nà yẹn sí. Mi ò sì gbabẹ̀ kọjá fún ohun tó lé lọ́dún kan kí wọ́n tó gbé ìyá tuntun kan fún mi tọ́jú ní agbègbè yẹn. Nígbà tí lẹ́tà àkọ́kọ́ dé, mo padà lọ síbẹ̀ ní ọ̀sán gangan, mo fẹsẹ̀ rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ibi tí kámẹ́rà wà. Ẹ̀ka igi ti bo àmì tó wà lápá òsì pátápátá, àfi tí o bá lọ dúró sábẹ́ rẹ̀ kí o tó mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Kékeré tí wọ́n so mọ́ òpó iná níwájú ti yí padà, ògiri ilé onílé ló kọjú sí. Fọ́tò mẹ́rìnlá ni mo yà.

Mo wá lọ wo òfin. Mo kà á títí ojú ń ta mí. Òfin ìrìnnà tí wọ́n ṣe ní 1984 sọ ọ́ kedere pé wọn ò gbọdọ̀ dá awakọ̀ lẹ́bi eré sísá níbi tí àmì tó yẹ kò bá ti fi ìwọ̀n eré tí wọ́n gbà hàn. Ní 2006, ilé ẹjọ́ gíga fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ohun tí a ó wò ni bóyá awakọ̀ ti rí àmì tó tó kó tó dé ibi tí wọ́n ti mú un. Mo ka èyí, inú mi dùn. Mo ní, ó tán, mo ti jàre.

Inú dídùn yẹn ò pé ọjọ́ kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Lẹ́tà àkọ́kọ́ kọ́kọ́ ń bi ọ́ pé ta ló wa mọ́tò náà. Òfin ti 1988 ni pé o gbọ́dọ̀ dáhùn láàárín ọjọ́ 28. Bí o bá dákẹ́, wọ́n á bá ọ ṣẹjọ́ dídákẹ́ yẹn gan-an, póìǹtì mẹ́fà ni (póìǹtì ni àmì ẹ̀bi tí wọ́n ń kọ mọ́ láísẹ́ǹsì awakọ̀), ìtanràn rẹ̀ sì lè tó pọ́n-ùn 1,000. Ìyẹn ni pé ìjìyà ẹni tó panu mọ́ pọ̀ ju ti ẹni tó sáré lọ! Mo máa ń gbọ́ pé èèyàn ní ẹ̀tọ́ láti má fi ẹnu ara rẹ̀ kó bá ara rẹ̀. Àwọn awakọ̀ méjì kan, O'Halloran àti Francis, gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ilẹ̀ Yúróòpù ní Strasbourg. Ní 2007, adájọ́ 15 nínú 17 ní kò sóhun tó burú níbẹ̀. Èmi kọ orúkọ mi sílẹ̀, mo buwọ́ lù ú, mo fi ránṣẹ́. Mi ò parọ́, mi ò ti ọkọ mi síwájú bí àwọn kan ti ń ṣe. Ní fọ́ọ̀mù yẹn, kò sí ibi tí mo ti lè kọ ọ́ pé igi bo àmì tí ẹnikẹ́ni yóò fi kà á kó tó pinnu ohunkóhun. Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Kámẹ́rà nìkan ni wọ́n gbọ́ tẹnu ẹ̀.

Lẹ́tà kejì ló wà lórí tábìlì yìí. Ọ̀nà mẹ́ta ló tò kalẹ̀. Kí n lọ jókòó sí kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ awakọ̀ nípa eré sísá, owó rẹ̀ kò tó pọ́n-ùn 100, kò sì sí póìǹtì. Tàbí kí n san pọ́n-ùn 100 kí wọ́n lẹ póìǹtì mẹ́ta mọ́ láísẹ́ǹsì mi. Tàbí kí n ní mi ò jẹ̀bi, kí n lọ rò ó ní kóòtù. Ẹ̀kẹta yìí ni ọkàn mi ń sọ. Òun náà ni wọ́n fi owó ṣe odi yí ká.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Owó ọ̀sẹ̀ mi, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ owó orí, jẹ́ nǹkan bíi pọ́n-ùn 480. Ìlànà tí àwọn májísíréètì ń tẹ̀ lé ni pé ẹni tó bá sá 21 sí 30 lójú ọ̀nà 20, ìdajì owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀. Pọ́n-ùn 240 nìyẹn. Wọ́n á tún gbé ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún lé e, wọ́n ní owó ìrànwọ́ fún àwọn tí ọ̀daràn ṣe léṣe ni. Pọ́n-ùn 96. Ta ni mo ṣe léṣe? Ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, ológbò kan ò kọjá lójú ọ̀nà yẹn! Lẹ́yìn ìyẹn ni agbẹjọ́rò ìjọba á wá béèrè owó ìṣẹjọ́ tirẹ̀, ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn lọ́nà mélòó kan nìyẹn tí ọ̀rọ̀ bá ti dé ìgbẹ́jọ́. Póìǹtì mẹ́ta yẹn kò ní lọ síbì kan. Kíláàsì tí wọ́n fi lọ̀ mí á ti bọ́ lọ́wọ́ mi, nítorí kóòtù ò lè dá a padà fún mi. Àwọn inṣúránsì á sì máa bi mí nípa póìǹtì yẹn fún ọdún márùn-ún, tí wọ́n á máa bu owó lé owó.

Bí mo bá wá jàre ńkọ́? Mo pe lọ́yà kan. Ọmọ dáadáa ni, ó fara balẹ̀ gbọ́ mi, ó wo àwọn fọ́tò mi, ó ní ẹjọ́ wà níbẹ̀. Owó tirẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 1,200. Mo ní, ṣé wọ́n á dá a padà fún mi tí a bá borí? Ó mí kanlẹ̀. Ó ní láti 2012, owó tí ìjọba ń dá padà fún ẹni tó jàre kò lè ju ìwọ̀n táṣẹ́rẹ́ tí ìjọba fúnra rẹ̀ ń san fún lọ́yà lọ. Ìyókù di gbèsè ẹni tó jàre. Ẹ tún un kà o. Mo jàre, mo sì jẹ gbèsè! Mo lè dá rò ó fúnra mi, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi tí mo máa ń gbàgbé gbogbo Gẹ̀ẹ́sì mi tí inú bá ti ń bí mi, kí n dúró níwájú adájọ́, kí n máa to òfin 1984 lẹ́sẹẹsẹ? Iṣẹ́ ọjọ́ yẹn á lọ, bí wọ́n bá sún ẹjọ́ síwájú, iṣẹ́ ọjọ́ mìíràn tún lọ.

Nítorí náà, ẹni tó jẹ̀bi, tó mọ̀ pé òun jẹ̀bi, á tẹ bọ́tìnnì, á san pọ́n-ùn 100, ó parí. Ẹni tó lérò pé òun ò jẹ̀bi, tó kàn fẹ́ kí èèyàn ẹlẹ́ran-ara kan wo fọ́tò òun, ni wọ́n ń dẹ́rù bà pẹ̀lú ìlọ́po mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ni wọ́n ń pe irú nǹkan báyìí? Lójú tèmi, wọ́n ń ta ẹ̀tọ́ ni. Olówó tí pọ́n-ùn 1,200 kò já mọ́ nǹkan kan lójú ẹ̀ lè rà á. Èmi tí mò ń fọ ìdí àwọn ìyá wọn fún wọn ò lè rà á.

Ibi tó tún wá le sí jù lọ nìyí, àwọn tí ọ̀rọ̀ ìwé ń bá fínra nílùú yìí á mọ̀ ọ́n. Ọdún yìí ni mo fẹ́ kọ̀wé béèrè pé kí n di ọmọ onílùú. Ọdún mélòó ni mo ti ń dúró! Fọ́ọ̀mù yẹn ń wádìí ìwà ẹni. Owó ìtanràn tí o bá san láìdé kóòtù kì í sábà di ọ̀ràn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kóòtù bá dá ọ lẹ́bi, ìdálẹ́bi ni, o gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, ìwọ náà á sì máa gbọ̀n títí wọ́n á fi dá ọ lóhùn. Ṣé ẹ rí i báyìí? Ọmọ ìbílẹ̀ tó bá lọ jà fún ẹ̀tọ́ rẹ̀, owó nìkan ló ń fi ta tẹ́tẹ́. Àwa, gbogbo ọjọ́ ayé wa níbí la fi ń ta á.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti ń wa takisí ní London láti nǹkan bí ogún ọdún. Ó wá sílé lọ́jọ́ Àìkú, ó ka lẹ́tà náà tán, ó yọ dígí ojú rẹ̀.

“Ìyàwó mi, lọ sí kíláàsì yẹn kí o lọ sinmi.”

“Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo fọ́tò yìí ná. Ṣé ẹ rí àmì kankan níbẹ̀?”

“Mi ò rí nǹkan kan. Mo gbà pé o jàre. Lọ sí kíláàsì.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn mí ju lẹ́tà lọ. Gbogbo ẹni tí mo fi ọ̀rọ̀ yìí hàn ló gbà pé mo jàre, gbogbo wọn náà ló ní kí n gba ẹ̀bi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi iṣẹ́, ohùn kan náà ni. A ti mọ́ra débi pé ojú wa ò rí i mọ́ pé ìyà ni. Nílé, bí àwọn Road Safety bá dá ọ dúró, ohun yòówù tí o bá fẹ́ sọ nípa wọn, èèyàn ló dúró síwájú rẹ, o lè nawọ́ sí igi yẹn kí o ní, ọ̀gá, ẹ wò ó. (Máìlì 26 yẹn, nǹkan bíi kìlómítà 42 ni. Nínú ìlú ní Nàìjíríà, 50 ni òfin gbà.)

Mo tún gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Òfin ní lẹ́tà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ tẹ ẹni tó ni mọ́tò lọ́wọ́ láàárín ọjọ́ 14. Ọjọ́ kẹtàdínlógún ni tèmi dé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹsàn-án ni déètì orí ẹ̀, òfin sì gbà pé lẹ́tà tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ ti dé lẹ́yìn ọjọ́ iṣẹ́ méjì, àfi tí èmi bá lè fi ẹ̀rí hàn pé kò dé. Ilé mẹ́rin ló ń lo àpótí lẹ́tà kan náà nínú ọgbà wa, àpò ìwé náà ò ní déètì kankan lára. Ẹ̀rí wo ni kí n mú wá?

Lánàá, mo tún gba ọ̀nà yẹn kọjá lọ sọ́dọ̀ ìyá tí mò ń tọ́jú. Wọ́n ti gé igi náà! Gígé rẹ̀ ṣì tutù, ibi tí ayùn gbà hàn funfun. Wọ́n ti dá kékeré ara òpó iná padà, ó ti kọjú sí títì, 20 gbàǹgbà. Mo pa mọ́tò sẹ́bàá ọ̀nà, omi bọ́ lójú mi. Wọ́n mọ̀! Ẹnì kan níbì kan mọ̀ pé àmì yẹn ò ṣeé rí, ó rán àwọn èèyàn wá tún un ṣe. Ẹnì kankan ò sì kọ̀wé sí mi pé, ìyá yìí, ẹ má bínú, ẹ fi lẹ́tà yẹn sílẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ló kù kí àǹfààní kíláàsì náà kásẹ̀ nílẹ̀. Ní alẹ́ àná, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ sùn, mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo san owó rẹ̀. Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni, nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àsìkò tó yẹ kí n máa wẹ ìyá yẹn. Wọn ò ní sanwó òwúrọ̀ yẹn fún mi. Mi ò jẹ̀bi. Àwọn fọ́tò mẹ́rìnlá yẹn ṣì wà lórí fóònù mi, mi ò ní pa wọ́n rẹ́.