Ẹ jọ̀ọ́, kimbap kì í ṣe sushi

Bí mo bá gbé àwòrán kimbap, ìrẹsì tí àwọn ará Kòríà ń fi ewé inú òkun ká, síbí báyìí, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé "sushi àwọn ará Kòríà." Háà! Torí pé ewé kan náà la fi ń pọ́n ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, ta ló jẹ́ pe mọ́ínmọ́ín ní ẹ̀kọ ẹlẹ́wà níwájú ìyá mi?

Òótọ́ ni pé ojú kimbap àti sushi tí wọ́n ká, oúnjẹ ìrẹsì àwọn ará Jàpáánì, jọra. Ewé inú òkun tí wọ́n sá gbẹ bíi pépà ni wọ́n fi ń wé méjèèjì. Ará Jàpáánì ń pè é ní nori, ará Kòríà ń pè é ní gim. Ẹní ọparun kékeré náà ni wọ́n fi ń ká a.

Àmọ́ ẹ tọ́ ìrẹsì rẹ̀ wò. Fínígà, ṣúgà àti iyọ̀ ni ará Jàpáánì ń pò mọ́ tirẹ̀, ó sì máa ń kan díẹ̀ lẹ́nu. Ti Kòríà, òróró yànmọtí àti iyọ̀ ni. Wọ́n á tún fi òróró yẹn pa ẹ̀yìn rẹ̀ títí á fi máa dán. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ká a fúnra mi, gbogbo ilé ló ń ta sánsán, ṣùgbọ́n ìrẹsì lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ, ni gbogbo ẹ̀ bá tú ká. Ìgbà tí mo fi òróró pa ọ̀bẹ ló tó gé dáadáa.

Inú kimbap máa ń kún: ẹyin díndín, kárọ́ọ̀tì, ẹ̀fọ́, ẹran, àti danmuji, ìyẹn ràdíìṣì rírẹ aláwọ̀ ìyeyè tó ń kan. Wọ́n ti fi adùn sí ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, torí náà kò nílò omi sóyà bíi sushi tí wọ́n ń pè ní tekka maki, tó jẹ́ ẹja tuna tútù nìkan ló wà nínú rẹ̀.

Àwọn kan ní ìgbà tí Jàpáánì ń ṣàkóso Kòríà, 1910 sí 1945, ni kimbap wọlé. Àwọn kan ní ó ti pẹ́ tí ará Kòríà ti ń fi gim wé ìrẹsì. Lójú tèmi, méjèèjì lè jóòótọ́. Danmuji gan-an, ọmọ ìyá takuan, ràdíìṣì rírẹ ti Jàpáánì, ni. Ìyẹn kò ní kí orúkọ wọn di ọ̀kan.

Èyí tó wá gbà mí lọ́kàn jù ni ti Tongyeong, ìlú etí òkun kan ní Kòríà, tí wọ́n ń pè ní Chungmu tẹ́lẹ̀. Ìrẹsì lásán ni wọ́n ń ká, kò sí òróró, kò sí fínígà. Squid aláta (ẹran inú òkun kan) àti kimchi, ẹ̀fọ́ kíkan aláta ti Kòríà, á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí oúnjẹ má bàa tètè bàjẹ́ lójú omi. Òfin òróró mi ti já síbẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n ata yẹn! Ẹ má bi mí bóyá ó ṣẹ́ kù.