Ìfófó ẹnu kì í ran warápá

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, warápá gbé ọmọ kan ní kíláàsì tí mo ń kọ́ ṣubú níbi àdúrà òwúrọ̀. Tíṣà àgbà kan figbe ta: "Ẹ má fọwọ́ kàn án o! Ẹni tí ìfófó yẹn bá kàn ti kó o nìyẹn!" Gbogbo ọmọ tú ká. Ó ku òun nìkan lórí iyẹ̀pẹ̀, tó ń jà pìtìpìtì, bàtà rẹ̀ kan ti bọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Wọ́n rí ohun tó bà wọ́n lẹ́rù, wọ́n sá. Ẹ̀rí kọ́ nìyẹn.

Nígbà tá a wọ kíláàsì, mo pa ìṣirò tì. Mo ní kí ọmọ méjìlá tò, kí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, kí ẹni tí wọ́n bá tẹ̀ lọ́wọ́ tẹ ẹni tó kàn. Mo tẹ ọwọ́ ẹni àkọ́kọ́. Kò pẹ́ tí ẹni ìkẹyìn fi nawọ́ sókè. Mo ní bí ọpọlọ ṣe ń ránṣẹ́ sí ẹsẹ̀ pé kó gbéra nìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì tó ń ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, bíi bílíọ̀nù 86, ló wà nínú ọpọlọ ènìyàn kan, iná tín-ín-rín ni wọ́n sì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà mo ní kí gbogbo wọn máa tẹ ara wọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n má dúró de ẹnikẹ́ni. Rúdurùdu! Ọmọbìnrin kan ní, "Tíṣà, iṣẹ́ ò lè dé mọ́." Mo ní ohun tó ṣe ọ̀rẹ́ yín láàárọ̀ nìyẹn.

Ta ló wá lè kó iná inú orí ẹlòmíì? Láti 1924 ni Hans Berger, dókítà ará Jámánì, ti fi ẹ̀rọ ka iná yìí lórí ènìyàn. Ìfófó náà, itọ́ lásán ni. Iṣan ara ti le gbagidi, kò lè gbé e mì, èémí ń fẹ́ lù ú, ó ń hó. Bó bá pọ́n díẹ̀, ahọ́n ló fi eyín gé jẹ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ wádìí warápá láti ojúlé dé ojúlé ní Ìgbò-Ọrà. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1987 ni pé bíi ènìyàn 5 nínú 1,000 ló ń ṣe. Ní ìlú tí ẹbí ti ń jẹun nínú àwo kan, tí wọ́n ń sùn lórí ẹní kan! Bó bá jẹ́ pé itọ́ ló ń ràn án, ṣé 5 péré ni wọn ì bá bá?

Warápá ń ṣe àbúrò mi náà. Ọdún mẹ́sàn-án la fi jọ sùn lórí ẹní kan. Ìyá wa kì í wá àkísà. Etí ìró rẹ̀ ló fi ń nu ẹnu ọmọ rẹ̀. Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí, warápá ò gbé wọn ṣubú rí. Èmi náà nìyí.

Mo gbà pé ẹyin aràn ẹlẹ́dẹ̀ tó bá bá oúnjẹ ẹlẹ́gbin wọlé lè pa, kí ọmọ aràn náà dé ọpọlọ, kó sì fa warápá. Ìyẹn kò kan ìfófó ẹnu aláìsàn.

Ohun tí mo kọ́ àwọn ọmọ náà nìyí: ẹ kó àga àti òkúta kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ fi aṣọ sábẹ́ orí rẹ̀, ẹ dà á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí itọ́ lè ṣàn jáde, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ pe àgbà. Bó bá ti kọjá ìṣẹ́jú 5, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ọmọ náà padà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ìyá méjì ti pè mí pé kí n gbé ọmọ wọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mi ò gbé ẹnikẹ́ni.